Ìdí tí jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ agbárí fi lè padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gba ihò imú fún baálé rẹ̀, ẹni ọdún 52, nítorí kókó kan tó ń hù ní ìsàlẹ̀ agbárí, èyí tí èsì àyẹ̀wò pè ní chordoma. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà sọ fún wọn pé òun yọ èyí tó pọ̀ jù lọ, pé díẹ̀ ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan, àti pé kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú onítànṣán. Ní báyìí, ọkùnrin náà kò rí nǹkan kan ní méjì mọ́, orí fífọ́ ti lọ, ó sì ti padà sídìí òwò rẹ̀. Ni ẹbí bá pín sí méjì. Apá kan ní kí wọ́n má ṣe fi ìtànṣán da ara tó ti yá láàmú. Apá kejì ní abẹ gan-an ló ń mú kí jẹjẹrẹ tàn káàkiri. Ìbéèrè ìyá yìí ni pé: “Ẹ jọ̀wọ́, Dókítà, kí ló máa ń jẹ́ kí irú àrùn yìí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e, ṣé ohun kan sì wà tí a lè ṣe kí ó má padà?”

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Kí Ọlọ́run dá àlàáfíà baálé yín padà pátápátá. N ó kọ́kọ́ fún yín ní ìdáhùn ní ṣókí kí n tó ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ìpinnu kan wà níwájú yín tí kò gbọdọ̀ pẹ́.

Ohun tó ń pinnu jù lọ bóyá chordoma yóò padà ni ìwọ̀n èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ abẹ, ibi tó ṣẹ́ kù sí, àti ohun tí wọ́n ṣe sí ìyókù náà láàárín oṣù díẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń kópa, n ó sì mẹ́nu bà wọ́n, ṣùgbọ́n mẹ́ta yìí ló borí, ìkẹta nínú wọn sì ni ọwọ́ yín ṣì lè tó báyìí. Nítorí náà, mo fara mọ́ ìmọ̀ràn dókítà yín: kí baálé yín lọ bá àwọn onímọ̀ ìtọ́jú onítànṣán láìpẹ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá. Yíyá tí ara rẹ̀ yá fi hàn pé iṣẹ́ abẹ gbé ẹrù kúrò lórí iṣan ojú rẹ̀. Kò fi hàn pé àrùn ti tán nínú egungun. Chordoma kì í yára dàgbà. Ó lè dákẹ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà fún ọdún, kí ó tó tún fi ara hàn, ní àkókò tí àwọn ará ilé ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ó lè yé yín ìdí tí dókítà fi fi díẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́. Bí a bá gba ihò imú wọlé lọ tààrà títí dé ẹ̀yìn, a óò kan egungun kan tó dagun wá sílẹ̀ láti abẹ́ ọpọlọ títí dé ibi tí agbárí ti jókòó lé ọrùn. Ẹ̀yìn egungun yìí gan-an ni ìdí ọpọlọ wà, ibi tó ń darí mímí, lílù ọkàn àti gbígbé oúnjẹ mì. Ní apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì gbà gòkè lọ bọ́ ọpọlọ. Àwọn iṣan tó ń mú ojú yí, tó ń jẹ́ kí ojú mọ ìfọwọ́kàn, tó ń darí ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun, gbogbo wọn ló ń gba àyíká yìí jáde. Iṣan kẹfà nínú wọn, èyí tó ń yí ẹyinjú síta, rìn mọ́ ẹ̀yìn egungun náà pẹ́kípẹ́kí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé rírí nǹkan kan ní méjì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn chordoma ibẹ̀ kọ́kọ́ máa ń kíyè sí, bó ṣe rí fún baálé yín.

Bí jẹjẹrẹ bá wà ní ọmú tàbí ní itan, oníṣẹ́ abẹ máa ń gé kókó náà pọ̀ mọ́ ẹran ara tó mọ́ tó yí i ká, kí ó lè dá a lójú pé kò sí sẹ́ẹ̀lì burúkú kankan tó kù létí ibi tí abẹ gbà. Ní ìsàlẹ̀ agbárí, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó yí kókó ká níbẹ̀ ni ìríran, ohùn, òye àti ẹ̀mí ènìyàn gan-an. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ ọ́ jáde. Wọ́n á ha á kúrò lára egungun, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ lọ egungun tó wà láyìíká rẹ̀ dé ibi tó bá ṣeé dé. Nípa bẹ́ẹ̀, kódà nígbà tí àwòrán MRI lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò bá fi nǹkan kan hàn mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ojú kò lè rí ṣì lè wà nínú àwọn ihò tíntìntín inú egungun. Àwọn tó ti roko rí ní Ìjẹ̀bú mọ ìwà koríko ẹ̀kan: ènìyàn lè ro ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bí ègé gbòǹgbò kan bá kù nínú rẹ̀, yóò tún hù. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dókítà yín kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí òun dúró kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọpọlọ má bàa ya, tó sì sọ fún yín láìfi pamọ́ pé díẹ̀ ṣẹ́ kù, iṣẹ́ gidi ló ṣe. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni dókítà tó bá sọ fún aláìsàn chordoma pé ó ti tán pátápátá, kí ó máa lọ sílé, kò sí ohun tó kù láti ṣe.

Ìwọ̀n ìyókù ní í ṣe púpọ̀. Ìwádìí láti ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà ló fohùn ṣọ̀kan pé àwọn tí wọ́n yọ gbogbo ohun tó hàn nínú àwòrán fún máa ń pẹ́ kí àrùn wọn tó padà, tí ti àwọn mìíràn kò sì padà mọ́, ju ti àwọn tí ìyókù pọ̀ lára wọn lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyókù náà wà lè ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Gy ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán. Kí ìtànṣán tó lè kápá chordoma, ó sábà máa ń gbà tó 70 Gy tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan ìríran àti ìdí ọpọlọ kò lè gba tó bẹ́ẹ̀ láìfarapa. Nǹkan bíi 54 sí 60 Gy ni àwọn onímọ̀ máa ń fi ṣe ààlà fún wọn. Bí ìyókù kókó bá wá lẹ̀ mọ́ ìdí ọpọlọ, ẹni tó ń ṣètò ìtànṣán yóò ní láti dín in kù ní ibi yẹn gan-an, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́ tí àrùn ń gbà padà. Ìdí rèé tí àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú fi máa ń kọ́kọ́ rí i dájú pé àlàfo wà láàárín ohunkóhun tó bá kù àti ìdí ọpọlọ tàbí iṣan ìríran. Nínú ọ̀rọ̀ ti baálé yín, ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní díẹ̀ kù sí. Odi iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lè fara da ìtànṣán ju iṣan ìríran lọ, nítorí náà bó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló kù sí, ibi tí ìtànṣán lè bá a jà tagbáratagbára ni. Ìròyìn rere nìyẹn, ó sì tún jẹ́ ìdí kan sí i tí kò fi yẹ kí ẹ jẹ́ kí àkókò rẹ̀ kọjá.

Ẹ lè máa rò ó bóyá gbogbo jẹjẹrẹ ibẹ̀ ló ń padà bákan náà. Rárá o. Chordoma ń ti ara ìyókù okùn kan jáde, èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ọlẹ̀ nínú ìyá rẹ̀ kí egungun ẹ̀yìn tó dàgbà yí i ká. Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti ṣàpèjúwe àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láti 1857. Bí ẹni kan nínú mílíọ̀nù kan ló ń ní in lọ́dún. Kókó mìíràn wà tó jọ ọ́ púpọ̀ nínú àwòrán, tó ń jẹ́ chondrosarcoma, tó máa ń hù láti ara kèrékèré egungun, tó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dípò àárín gan-an. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì tóbi. Bí chondrosarcoma tí kò le bá gba iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán proton (irú ìtànṣán kan tí n ó ṣàlàyé níwájú) tó péye, ó ju 90 lọ nínú 100 aláìsàn tí àrùn kì í padà sí ojú ibi tó wà láàárín ọdún 5. Ti chordoma kò dára tó bẹ́ẹ̀: nínú ìròyìn àwọn ilé ìwòsàn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú dáadáa, nǹkan bíi 60 sí 80 nínú 100 ni kò tíì padà lẹ́yìn ọdún 5, iye yẹn sì tún máa ń lọ sílẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Nítorí èyí, mo fẹ́ kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣe àyẹ̀wò purótéènì tí wọ́n ń pè ní brachyury lára ẹran tí wọ́n gé. Chordoma ní in, chondrosarcoma kò ní in. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹran náà ṣì wà nínú ìda tí wọ́n fi pa á mọ́ ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì lè tún un ṣe láìfi abẹ kan baálé yín.

Lára chordoma fúnra rẹ̀ náà, oríṣi wà. Èyí tó wọ́pọ̀ ló ń lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti pàdánù purótéènì tí wọ́n ń pè ní INI1, tó máa ń bá àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù, àti èyí tó ti yí padà di oníjàgídíjàgan, ń yára padà, wọ́n sì lè dé ẹ̀dọ̀fóró. Iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi Ki-67 ń wọ̀n, àti pípàdánù apá kan lára àwọn jíìnì, pàápàá ní ibi tí wọ́n ń pè ní 1p36 àti 9p21, tún máa ń fi hàn pé ó yẹ kí a túbọ̀ ṣọ́ aláìsàn náà. Àyẹ̀wò jíìnì wọ̀nyí kò wọ́pọ̀ nítòsí wa, kò sì yẹ kí ẹ torí wọn dá ìtọ́jú dúró.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn yóò ka ìdáhùn yìí tí àrùn tiwọn ń jẹ́ orúkọ mìíràn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ wọn díẹ̀. Esthesioneuroblastoma, tó ń hù ní òkè imú níbi tí a fi ń gbọ́ òórùn, ní ọ̀nà tirẹ̀: bó ṣe tàn tó kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, èyí tí wọ́n ti ń fi òṣùwọ̀n Kadish pín sí ìpele láti 1976, ló ń sọ púpọ̀ nípa ohun tó ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ ọrùn ló ti máa padà, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún 10. Adenoid cystic carcinoma ní tirẹ̀ máa ń rìn mọ́ ara iṣan ìmọ̀lára lọ sí ibi tó jìnnà sí ibi tí ojú ti rí i, ẹ̀dọ̀fóró ló sì sábà máa ń lọ. Ẹni tó ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ọdún 5 tí kò ti rí nǹkan kan ti tó láti dá àyẹ̀wò dúró.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tó ní abẹ ló ń tan jẹjẹrẹ ká, nítorí n kò fẹ́ kàn dá wọn lẹ́bi. Òtítọ́ kékeré kan wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn. Chordoma rọ̀, ó dà bí omi ẹran tó ti dì. Bí wọ́n bá ń yọ ọ́, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè jábọ́ sí ojú ọ̀nà tí abẹ gbà, kí ó sì hù níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú imú àwọn aláìsàn kan, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n ti gé ọ̀rá lára ikùn tàbí itan láti fi dí ihò ìsàlẹ̀ agbárí. Kò wọ́pọ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń ṣọ́ra fún un: wọ́n á fi omi ṣan ibẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kí wọ́n tó lọ gé ọ̀rá níbòmíràn. Bí wọ́n bá gé ọ̀rá lára ikùn baálé yín, ẹ máa fọwọ́ kan ojú àpá náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí ẹ bá kan kókó líle níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí èyí sá fún abẹ yóò jẹ́ kí kókó náà máa tẹ ìdí ọpọlọ títí tí kò fi ní lè mí mọ́. Baálé yín ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú rẹ̀ sì ti ṣe déédéé. Kò sí ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kábàámọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó tún yẹ kí ẹbí mọ̀ ni pé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ló máa ń ní àǹfààní tó ga jù lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, àpá á bo àwọn àmì tí oníṣẹ́ abẹ fi ń mọ ọ̀nà, iṣan ẹ̀jẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àpá, ewu á sì pọ̀ sí i. Bí ìtànṣán náà bá ti kọjá lórí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro láti tún fún un ní ìwọ̀n tó tó ẹ̀ẹ̀kejì, nítorí ọpọlọ tó wà nítòsí ti gba ìpín tirẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ pé ìgbà tí ìyókù kéré tí ara sì le ni ìgbà ìtànṣán, ó sàn púpọ̀ ju pé kí a dúró dìgbà tí yóò tún dàgbà. Ìrírí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà ń kópa pẹ̀lú: ó dára kí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dókítà imú àti ọ̀fun, onímọ̀ ìtànṣán àti ẹni tó ń ka àwòrán jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn kan náà kí wọ́n tó pinnu.

Nípa ìtànṣán fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “iná” tí àwọn ènìyàn ń pè é bà yín lẹ́rù. Kì í dunni nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Baálé yín yóò sùn sórí ibùsùn pẹ̀lú ìbòjú tí wọ́n ṣe bá orí rẹ̀ mu kí ó má bàa mira, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7 sí 8. Ó lè rẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ lè gbẹ, irun orí níbì kan sì lè re. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, ó lè kan ẹṣẹ́ kékeré abẹ́ ọpọlọ tó ń pèsè hòmóònù, kí ó sì jẹ́ kí ara máa wúwo. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún ló ń fi í hàn, oògùn sì wà fún un. Ìgbọ́ràn àti ìrántí náà lè dín kù lára àwọn kan. N kò fi èyí pamọ́ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń yàn. Ohun tó wà lápá kejì ni kókó tó padà sídìí ọpọlọ.

Irú ìtànṣán tí wọ́n sábà máa ń yàn fún chordoma ni proton, nítorí agbára rẹ̀ ń dúró ní ibi tí wọ́n bá ní kí ó dúró, kì í la orí já dé òdìkejì. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń fi ṣe ìtọ́jú kókó ìsàlẹ̀ agbárí láti àwọn ọdún 1970. Ní Japan àti Jámánì, wọ́n tún ń lo carbon ion, tó wúwo ju proton lọ. Kò sí ilé ìtọ́jú proton ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò ní láti rìnrìn àjò. Mo mọ bí owó ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ṣe rí lára àwọn ará ilé. Bí agbára kò bá ká a, ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà ti dí. Ẹ̀rọ LINAC, tó lè tọ́ ìtànṣán lọ sójú ibì kan pẹ̀lú ìṣọ́ra, wà ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, láti 2019. Ìwọ̀n tí wọ́n lè fún kókó láìpa ìdí ọpọlọ lára lè má tó ti proton, àmọ́ ó sàn lọ́nà jíjìn ju pé kí a jókòó ká máa wò ó. Bí ó bá jẹ́ Èkó ni ẹ óò lọ, ẹ wá ibi tí baálé yín yóò máa sùn níbẹ̀, kí ó má ṣe máa ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ kí ó sì máa bọ̀ lójoojúmọ́. Àárẹ̀ ọ̀nà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn pa ọjọ́ jẹ, ọjọ́ tí wọ́n bá sì pa jẹ láàárín ìtọ́jú ń dín agbára rẹ̀ kù.

Àwọn kan á tún sọ fún yín pé kí ẹ ra kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, dípò ìtànṣán. Kímò wúlò fún àwọn jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ agbárí mìíràn, ṣùgbọ́n kì í sábà ṣe nǹkan kan fún chordoma tó wọ́pọ̀.

Ìṣọ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí i tí àwọn ènìyàn wa ń kọsẹ̀ jù. Kí wọ́n ya àwòrán MRI kan kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí gbogbo àwòrán tó ń bọ̀ yóò máa fi ara wé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa yà á ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, kí ó tó wá di ọdọọdún fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá tàn nínú àwòrán ni àrùn: àpá, ọ̀rá tí wọ́n fi dí ihò, àti ọpọlọ tí ìtànṣán kàn lè jọ kókó lójú ẹni tí kò mọ ìtàn aláìsàn náà. Nítorí náà, ẹ gba CD gbogbo àwòrán, ẹ má fi ìwé èsì nìkan ṣe, kí ẹ sì kó wọn pa mọ́ sí ibi kan náà pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ abẹ. Bó bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ẹ̀rọ kan náà ní ibùdó ìyàwòrán kan náà ni ẹ óò máa lò. Ìyókù tó padà nígbà tó ṣì kéré lè ṣeé tún gé. Èyí tó ti dé ìdí ọpọlọ kó ìdààmú bá gbogbo ènìyàn.

Láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì, bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan kan ní méjì, bí ẹ̀yìn orí bá ń fọ́ ọ lójoojúmọ́, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá kú tipiri, bí ohùn rẹ̀ bá há tàbí tí omi ń pa á lórí bó bá ń mu ún, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Bí omi tó mọ́ gaara bá ń kán láti imú rẹ̀ nígbà tó bá tẹrí ba, pàápàá bí ibà bá tún wọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kódà bó bá jẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba.

Oúnjẹ kò sí lára ohun tó ń mú chordoma padà. Kò sí ẹ̀rí kankan pé gàrí, ìkọ́kọrẹ́, ẹran tàbí epo pupa ló ń bọ́ ọ. Kí baálé yín jẹun dáadáa, kí ó ní ẹran ara tí yóò fi gba ìtọ́jú. Ohun tí mo bẹ̀ yín nípa rẹ̀ ni àgbo. Àwọn àgbo kan ń pa kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ lára, ó sì yẹ kí kíndìnrín ṣe déédéé kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí àwòrán MRI tàn kedere. Bí ó bá ti ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà láìtijú.

Owó ni yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, mo sì mọ̀ ọ́n. Ní Ìjẹ̀bú, a ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Bí baálé yín bá wà nínú regbérégbé, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ pé owó tí a nílò kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pé àwòrán ọdọọdún wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wa mọ bí wọ́n ti ń dáwó fún aṣọ àti fún ẹṣin; wọ́n lè ya owó àwòrán kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún ẹnì kan nínú wọn, kí ó má jẹ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ nìkan ń sáré kiri lé lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ẹ gba ìwé tó ṣàlàyé ohun tó rí àti ohun tó fi sílẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹran ara, àti CD àwòrán ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ bi í bóyá ìyókù náà fara kan ìdí ọpọlọ tàbí iṣan ìríran níbikíbi. Bí ó bá fara kàn án, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n tún kọ́kọ́ wọlé yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá fara kàn án, kí ó kọ ìwé sí onímọ̀ ìtànṣán ní ọjọ́ kan náà. Bí ó bá nira fún yín láti rí i, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù kò jìnnà sí yín. Dókítà ọpọlọ tàbí dókítà imú àti ọ̀fun níbẹ̀ lè wo àwọn ìwé náà kí ó sì fi yín ránṣẹ́. Ẹ mú ẹnì kan lọ́wọ́ nínú àwọn tó ń takò ìtànṣán, kí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.